Ọwọ́ Tí Màmá Kò Fura Sí

Níbi ìsìnkú Màmá, àwọn obìnrin ìjọ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé ẹni tó fọkàn tán gbogbo ènìyàn ni. Mo wo ojú ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni láyé. Kò fọkàn tán ẹni tó ń ta omi, kò fọkàn tán ẹni tí àdúrà rẹ̀ bá gùn jù, bẹ́ẹ̀ ni kò fọkàn tán àlejò tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ìkókó kí ó tó kí ìyá rẹ̀ kú ewu ọmọ. Bí òkú bá ń gbọ́ràn, ó dá mi lójú pé ó ń bi ara rẹ̀ nínú pósí pé kí ni àwọn wọ̀nyí ń wá tí wọ́n fi ń yin òun tó báyìí. Èmi náà ń bi ara mi, nítorí mo jogún ìfura yẹn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe jogún imú rẹ̀.

Ìlàjẹ ni Màmá. Láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọkọ rẹ̀ ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Warri nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, Ugbuwangue ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí, níbi tí omi ti ń wá wo abẹ́ ilé nígbà òjò. Ó ń yan ẹja tà, ṣùgbọ́n ẹja kọ́ ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ìtọ́jú abiyamọ àti ìkókó ni. Kì í gbẹ̀bí o. Ilé ìwòsàn ni kí o ti lọ bí i, kò bá ẹ du ìyẹn. Ìgbà tí o bá gbé ọmọ délé ni iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlàjẹ, Itsekiri, Urhobo, gbogbo wọn ló ń ránṣẹ́ pè é, nítorí ọmọ tí inú ń run kì í béèrè ẹ̀yà ẹni tó fẹ́ bá a fọwọ́ ra ikùn.

Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kò sí ohun tí yóò wọ ẹnu ọmọ tàbí ẹnu ìyá ọmọ tí òun kò ní kọ́kọ́ tọ́ wò. Ó ń tọ́ ẹ̀kọ wò, ó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ń tọ́ oògùn ilé ìwòsàn wò. Mo ti rí i tó fi ahọ́n kan oògùn oníhóró tí nọ́ọ̀sì fún abiyamọ kan, tó tutọ́ sílẹ̀, tó wá jókòó tó ń wo àjà bí ẹni tó ń retí kí ikú wọlé. Nígbà tí ikú kò wọlé, ó ní kí obìnrin náà gbé e mì. Ìyàwó pásítọ̀ wa gbé òróró àdúrà wá lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n fi ra ọmọ lórí. Màmá gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi ìka kàn án lá, ó dá ìgò náà padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìyá ìjọ," ó ní, "a ti fi èyí dín ẹja rí."

Ó mú mi dání lọ sí Enerhen nígbà kan, mo ṣì wà ní ilé ìwé girama. Obìnrin kan dúró sí oríta pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìgò àgbo rẹpẹtẹ, ó ń pariwo bí àwọn aláàgbo ṣe máa ń ṣe: "E dey cure pikin belle, e dey cure papa waist, one cup, all join." Màmá dúró. Bó bá ti dúró báyẹn, kí o wá ibi jókòó sí.

"Wetin dey inside?" ó bi í.

"Mama, na secret."

"Oya, drink am make I see."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Màmá kò bá a jà. Ó di ọwọ́ mi mú, a sọdá títì, ìgbà tí a dé òdìkejì ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: "Oògùn tó ń wo inú ọmọ, tó tún ń wo ìbàdí bàbá rẹ̀, ta ló ń tàn nínú àwọn méjèèjì?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìfura nìkan ló ń fi ṣe iṣẹ́. Bí o bá bímọ, Màmá yóò ti dé kí oòrùn tó yọ. Yóò fi aṣọ ìnura tí a rì sínú omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ títí ara rẹ á fi rọ̀, yóò sì máa bú ọkọ rẹ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọmú rẹ bá wú tó le bí òkúta, omi gbígbóná náà ni, lẹ́yìn náà kí ọmọ máa mu ún, kò sí oògùn mìíràn. Bí orí ọmú bá bó, òrí díẹ̀. Ó ń se ọbẹ̀ ẹja tútù aláta fún ọ, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní fi nǹkan kan kan ẹnu títí wàá fi fi ìka nu abọ́. Inú ọmọ bá ń run, yóò bu àdín sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ọwọ́ méjèèjì ra á kí ó móoru, yóò máa fi yí ikùn ọmọ ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ọmọ á sì só. Ìgbà yẹn nìkan ni mo máa ń rí ẹ̀rín rẹ̀.

Bí òsúkè bá ń ṣe ọmọ, ó máa ń já òwú díẹ̀ nídìí aṣọ, yóò fi itọ́ tutù ú, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ọmọ. Gbogbo ìyá ní Warri ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n èmi kì í gba nǹkan gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo bi í léèrè.

"Màmá, wetin dat thread dey do?"

"Kò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Òsúkè á lọ tó bá yá. Ìyá ọmọ ni mo lẹ òwú fún, kí ó lè ní nǹkan tí yóò máa wò, kó má baà da omi sí ọmọ lẹ́nu."

Ìjà rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ọ̀kan ló di egbò. Ìyá tó bí bàbá mi ló bá jà. Ará Ọ̀yọ́ ni ìyá yìí, mùsùlùmí ni, ó ń ta èlùbọ́ lọ́jà, ó sì ń gbé ní Ugborikoko. Ìyá Elélùbọ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ìdílé méjèèjì ni kò fẹ́ ìgbéyàwó náà. Ìdílé Màmá ń béèrè bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yóò ṣe máa se sààrì, ìdílé bàbá mi ń béèrè bí ọmọ wọn yóò ṣe máa gbé àárín omi. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi bí Àkànní, ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi tí n kò rí.

Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Ọmọ náà kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí Ìyá Elélùbọ́ gbé àgbo wá nínú ìgò, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe nílé tiwọn. Màmá wà nídìí ẹja rẹ̀. Ìyá Elélùbọ́ fi ìka kán díẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu, ó súre fún un, ó lọ sọ́jà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú Àkànní pọ́n bí ìyeyè, kò mu ọmú mọ́, kí wọ́n sì tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú. Màmá kò tọ́ àgbo yẹn wò. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí fún un. Lójú àwọn tó wá kẹ́dùn, ó na ìka sí Ìyá Elélùbọ́, ó ní, "Ọwọ́ rẹ ló pa á."

Ìyá mi ní kí Àkànní tó kú, Màmá kì í tọ́ nǹkan wò.

Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Obìnrin yẹn" ló kù tó ń pè é. Wọ́n kì í jókòó síbi kan náà. Nígbà tí wọ́n bí mi, Màmá wá láàárọ̀, Ìyá Elélùbọ́ wá nírọ̀lẹ́, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó súre, ó sì lọ. Bí wọ́n bá ro àmàlà nílé wa tí Màmá wà níbẹ̀, yóò bi bàbá mi pé, "Níbo lẹ ti ra èlùbọ́ yìí, àna mi?" Bàbá mi á ní ọjà ni. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà mọ̀ pé Màmá mọ̀. Bàbá mi kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo bínú sí i púpọ̀ nítorí ìyẹn, inú ń bí mi di òní.

Nígbà tí èmi náà lóyún, Màmá fọwọ́ lé ikùn mi, ó ní, "Ọma mi, ọkùnrin ni. Èyí, obìnrin yẹn ò ní fọwọ́ kàn án." Ọkùnrin ni lóòótọ́. Màmá kó wá sílé wa pẹ̀lú ìgò àdín rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ àti àpótí aṣọ rẹ̀.

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara wa. Ó ń fura sí gbogbo ohun tí mo bá rà, èmi náà ń fura sí gbogbo ohun tó bá gbé jáde. Mo sọ fún Éjiro, ọkọ mi, ọmọ Urhobo tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, pé kó máa jókòó tì í bó bá ń wẹ ọmọ. Mo ṣí ìgò àdín wò, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo yẹ ìkòkò rẹ̀ wò bóyá ewé kan wà nídìí rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó bá mi nídìí ìkòkò náà lọ́jọ́ kan, dípò kí ó bínú, ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Má gba èmi náà gbọ́."

Aṣọ ọmọ tí mo rà ni kò jẹ́ kí n lò. Ó ní ta ló mọ ẹni tó gbé e yẹ̀ wò lọ́jà kí n tó dé. Nínú ìdílé tirẹ̀, ìró ìyá àgbà ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ wé ọmọ, èyí tó ti gbó tó rọ̀, kí ọmọ lè mọ òórùn ilé. Ó ti ń tọ́jú ìró wọ̀nyẹn sínú àpótí láti ìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó. Ẹni tó bá sì gbé Ugbuwangue rí mọ ohun tí ọ̀rinrin àti aáyán ń fi aṣọ ṣe, nítorí náà Màmá da káńfọ̀ sáàárín wọn, ẹ̀kúnwọ́ funfun gbòò. Tó bá yọ ìró kan, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó parí, á fi wé ọmọ.

Éjiro sín. "Mama, dis cloth dey smell like old church."

"Na so clean dey smell," Màmá dá a lóhùn.

Àdín ni mo ń ṣọ́. N kò wo aṣọ.

Ojú ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Màmá ló kọ́kọ́ rí i, ní ẹnu fèrèsé láàárọ̀, níbi tó ti ń gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó tẹ ìka mọ́ imú rẹ̀, ó gbé ìka kúrò, ó wo àwọ̀ tó kù níbẹ̀. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé obìnrin yẹn dé ibí?" Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó fi nǹkan ránṣẹ́. Bàbá mi ti gbé èlùbọ́ wá fún mi láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìjẹta. Màmá gbé ọ̀rá náà, ó dà á sí gọ́tà, ó tẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ká gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíá, kí á má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ká gbé e sínú oòrùn tàbí ká wá àgbo. "Mo ti dúró rí," ó ní.

Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò rí ọ̀nà tí mọ́tò gbà. Mo ń wo àyà ọmọ bóyá ó ṣì ń mí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Àkànní ni pé ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì kú.

Dókítà obìnrin kan ló wò ó, ọ̀dọ́ ni, ó sì ń kánjú. Ó béèrè ohun tí a ti lò fún ọmọ. Ìyá mi tó bá wa lọ ní a kò lo nǹkan kan. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dáhùn nìyẹn, nítorí bí o bá jẹ́wọ́, wọ́n á bú ọ níṣojú ọ̀pọ̀ èrò. Èmi náà fẹ́ ní kò sí. Màmá ti ìyá mi sẹ́yìn.

"Na lie," ó ní. "Na me dey bath am. I rub belle with àdín. I put thread for head. Nothing enter mouth except breast. Talk wetin you wan ask me."

Dókítà náà gbé ojú sókè. Ó bi í pé aṣọ wo la fi ń wé e.

"My own. From my box."

"You dey put camphor for the box?"

"How I no go put? Cockroach go chop everything."

Dókítà náà kò bú u. Ó rọra sọ ọ́ fún un, ó tún un sọ fún mi, pé àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba káńfọ̀ rárá. Bí òórùn rẹ̀ bá ń wọ ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ojú wọn á pọ́n, bí wọn kò bá sì tètè tọ́jú wọn, ó lè kan ọpọlọ, ó lè pa wọ́n. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá náà sì lè ti gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Wọ́n bọ́ ìró Màmá kúrò lára ọmọ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ aró, wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fi pààrọ̀ tirẹ̀.

Màmá kò kúrò níwájú dókítà. "The first one," ó ní. "The one wey die before dis my grandpikin. Na the same box. Na camphor kill am?"

"Mama, I no fit know. I no see that one."

Ìdáhùn yẹn kò tó o. Títí di òní, kò tíì tó èmi náà. Ó lè jẹ́ káńfọ̀, ó lè jẹ́ àgbo, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kò béèrè ẹ̀rí kí ó tó dá Ìyá Elélùbọ́ lẹ́bi, kò sì dúró de ẹ̀rí kí ó tó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta ilé ìwòsàn náà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. Mo gbé oúnjẹ fún un. Kò tọ́ ọ wò, kò sì jẹ ẹ́.

Ọmọ mi yè. Mo sunkún nígbà tí funfun ojú rẹ̀ padà, mo tún sunkún nígbà tó ké, nítorí igbe rẹ̀ ti lágbára. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, Màmá wọ iwájú mọ́tò, ó ní kí Éjiro wà á lọ sí Ugborikoko.

Mo rò pé ìjà ló ń lọ jà. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ sinmi. Mo di ọmọ mi mú, mo ń ro bí mo ṣe máa sá bí ọ̀rọ̀ bá di ariwo.

Ìyá Elélùbọ́ wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń ku èlùbọ́, apá rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Ó rí Màmá tó ń bọ̀, ó fi asẹ́ sílẹ̀, ó dìde dúró bí ẹni tó ti mọ̀ pé ọjọ́ kan á jọ ọjọ́ kan. Eékún Màmá ti bàjẹ́ tipẹ́, kò lè kúnlẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Àpótí mi ni," ó ní. "Káńfọ̀ tí mo fi sínú aṣọ ni. Ẹ̀jẹ̀ náà, láti ọ̀dọ̀ tèmi ló ti wá. Mo pè yín ní apànìyàn lójú gbogbo ayé, ọwọ́ mi ni. Ẹ ṣe mí bí ẹ bá ṣe fẹ́."

Ìyá Elélùbọ́ nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó tún un nù. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, èyí ló dùn mí jù.

"Ìyá Ìlàjẹ," ó ní, "mo gbà yín gbọ́ nígbà yẹn. Mo rò ó, mo ní bóyá lóòótọ́ ni, bóyá mo ṣi ewé kan mú. N ò se àgbo mọ́. N ò sì gbé ọmọ tuntun kankan mọ́. Gbogbo èyí tí àwọn ọmọ mi bí, òkèèrè ni mo ti ń kí wọn. Mọ́rẹ́nikẹ́ tó dúró yìí, n ò gbé e rí."

Èmi ni Mọ́rẹ́nikẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti rò pé kò fẹ́ràn mi nítorí pé ọmọ Ìlàjẹ ló bí mi.

Màmá nawọ́ sókè sí mi láti ilẹ̀ tó jókòó sí. Mo gbé ọmọ fún un. Ó ní kí Ìyá Elélùbọ́ jókòó ti òun, ìyẹn sì jókòó, Màmá gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ìyá Elélùbọ́ na apá méjèèjì gbọọrọ, ọmọ náà jìnnà sí àyà rẹ̀.

"N ò mọ̀ ọ́n gbé mọ́," ó ní.

Màmá fi ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ kàn dì í lórí mú," ó ní. "Ìyókù á padà wá."